Kóńgò Méjì Ló Wà: Èwo Ni Ọmọ Yín Ń Lọ?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin rí iṣẹ́ sí Brazzaville, oṣù tí ń bọ̀ ni yóò sì gbéra. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó lọ, pé wọ́n ń jagun ní Kóńgò. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè ra sẹ́fà dání láti Sẹmẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Orílẹ̀-èdè méjì ni ó ń jẹ́ Kóńgò, kì í sì í ṣe èyí tí ọmọ yín ń lọ ni ogun tí ẹ ń gbọ́ yìí wà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní jíọ́gíráfì, kò sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣì mú tó èyí.

Odò Kóńgò ni ó pààlà sí àárín wọn. Ní Kóńgò ti Brazzaville, Pierre Savorgnan de Brazza, ọmọ Ítálì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Faransé, bá Mákókò, ọba àwọn Téké, ṣe àdéhùn ní ọdún 1880, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ìlú náà. Kóńgò kejì, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méje tóbi jù ú lọ. Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, fi ilẹ̀ náà ṣe dúkìá ara rẹ̀ láti 1885 títí di 1908, ìwà ìkà tí ó sì hù sí àwọn ará ibẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Kóńgò ti Kinshasa yìí kan náà ni a ń pè ní Zaire láti 1971 sí 1997. Ọdún 1960 ni àwọn méjèèjì gba òmìnira.

Apá ìlà-oòrùn Kóńgò ti Kinshasa, lẹ́bàá Rùwáńdà, ni ìjà wà, níbi tí ìlú Goma ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 ní oṣù Kínní ọdún 2025. Láti Goma sí Brazzaville lé ní kìlómítà 1,500. Ogun abẹ́lé ti jà ní Brazzaville náà rí, ní 1997, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń sọ fún yín.

Ẹ má ra sẹ́fà ní Sẹmẹ. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kùtọnu yàtọ̀ sí èyí tí Brazzaville, Gàbọ́ọ̀nù àti Kamẹrúùnù jọ ń ná. Iye wọn bára mu, síbẹ̀ àwọn ọlọ́jà Brazzaville kì í gbà á. Yúrò ni kí ó mú dání, kí ó ṣẹ́ ẹ ní báńkì níbẹ̀. Kí ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́ńjú dání pẹ̀lú, kí ó sì tún ìwé tí wọ́n fi pè é wò dáadáa: République du Congo ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, bí Démocratique bá wà láàárín rẹ̀, Kinshasa ni wọ́n ń pè é sí.

Ìlú méjèèjì kọjú sí ara wọn létí odò, kò sí afárá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ó wá wo Kinshasa fún ọjọ́ kan, físà Brazzaville kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Àfi kí ó gba ti Kinshasa kí ó tó wọ ọkọ̀.