Àbàtà ni àbí gbànja?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Àgbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ bàbá mi kan wà lọ́nà Ìpetu tí mo fẹ́ gbin obì sí, mo wá ra ọmọ obì ogójì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní nọ́sìrì, ó ní àbàtà ni. Ìyá mi rí i, wọ́n ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé gbànja ni. Ṣé mi ò ní dúró dìgbà tó bá so kí n tó mọ̀ báyìí? (Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbìn ín o! Obì kì í gbé awẹ́ ẹ̀ jáde sókè bíi ti ẹ̀wà, obì tí wọ́n fi gbìn ín gan-an ṣì máa wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, torí náà ẹ rọra fi ìka họ ilẹ̀ inú náílọ́ọ̀nù yẹn nídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ ka awẹ́. Tó bá jẹ́ méjì péré, gbànja ni. Tó bá ti tó mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, àbàtà nìyẹn. Ẹ má họ gbogbo ogójì o, mẹ́ta mẹ́rin ti tó, kẹ́ ẹ sì da ilẹ̀ bò ó padà kíá, ìwàǹwára ti jẹ́ kí n pa ọmọ obì rí.

Tí awẹ́ bá ti jẹrà, ẹ ní kí ẹni tó tà á fún yín mú yín dé ìdí igi tó ti ká obì tó fi gbìn ín. Èso gbànja máa ń tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán, ó kàn rí kókó kókó lára ni, ti àbàtà rí háráhárá lọ́wọ́, àwọ̀ ẹ̀ sì fẹ́ jọ ti ilẹ̀ pupa. Ewé àbàtà tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ máa ń lọ́, orí ẹ̀ka ló sì máa ń kó jọ sí. Mi ò kì í fi ewé nìkan dájọ́ ọmọ obì ṣá.

Àbàtà ló ni ilẹ̀ wa. Àlejò ni gbànja, láti Sierra Leone dé Ghana ni ilé ẹ̀, orúkọ ẹ̀ gan-an jọ ti ilẹ̀ Gonja tó wà ní Ghana lọ́hùn-ún, lẹ́yìn 1900 ni wọ́n wá ń gbìn ín rẹpẹtẹ lápá Agége kó tó tàn ká. Ká sọ tòótọ́, tó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, gbànja ò burú, òun làwọn Hausa ń pè ní goro tí wọ́n ń kó lọ sókè Ọya. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń rò pé ẹ máa tà á fáwọn tó ń da obì ní Ifẹ̀, awẹ́ méjì, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dà á?

Tó bá jẹ́ méjì méjì lẹ bá, ẹ gbé e padà fún un, kẹ́ ẹ mú ìyá yín dání.