Ṣé owó oṣooṣù fún fífọ ọkọ̀ tọ́ sí awakọ̀? Èsì fún arákùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Uber ní Chicago

Arákùnrin mi, mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ yín gbé èrò ní Chicago, àti pé ilé ìfọkọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń ra epo fẹ́ kí ẹ máa san 35 dọ́là lóṣooṣù, kí ẹ lè máa wá fọ ọkọ̀ iye ìgbà tó bá wù yín. Ẹ wá béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ gbà. Láti ọdún 2018 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀: mo pàdánù nínú ti àkọ́kọ́, mo sì jèrè nínú èkejì. N kò fẹ́ kí ẹ fi owó yín kọ́ ohun tí mo ti fi tèmi kọ́, ìdí nìyí tí èsì mi yóò fi gùn díẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ fún mi pé 20 dọ́là ni fífọ ẹ̀ẹ̀kan, pé bí mo bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, owó mi ti padà sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ohun tí n kò rò ni pé olówó 20 dọ́là yẹn ni èyí tó wọ́n jù lọ, tí wọ́n ti ń da ọṣẹ aláwọ̀ mẹ́ta àti oríṣiríṣi òróró amáradán lé ọkọ̀ lórí, n kò sì ra irú rẹ̀ rí láyé mi. Olówó 10 dọ́là ni mo máa ń rà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo sì máa ń rà á nígbà ooru. Èmi tí mo ń ná 20 dọ́là lóṣù tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í san 35, mo sì ń rò pé mo ń tọ́jú owó. Nítorí náà, ẹ má fi owó oṣooṣù wé iye tí wọ́n kọ sára pátákó wọn. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín ti ná lórí fífọ ọkọ̀ ní oṣù méjì tó kọjá ni kí ẹ fi wé e.

Ẹnìkan lè ní kí n kúkú máa lọ léraléra nígbà tí mo ti sanwó. Mo gbìyànjú rẹ̀. Máìlì mẹ́rin ni ibẹ̀ sí ilé mi, kò sì sí lójú ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí pápákọ̀ òfurufú O'Hare, níbi tí mo ti ń rí èrò jù. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ máìlì mẹ́jọ, ìlà ọkọ̀ a sì máa gba ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Sátidé, lásìkò tó yẹ kí n máa gbé èrò. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré tí mo fi ń ṣírò epo: ní oṣù kẹfà, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta; ní oṣù keje, ẹ̀ẹ̀mejì; ní oṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo sàn ju tèmi lọ púpọ̀ ní ti èyí, ẹ má sì fojú kéré rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn oníṣòwò yìí fẹ́ràn owó oṣooṣù tó bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ ló ń darí òwò fífọ ọkọ̀. Bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ kan rọ̀, ta ni yóò fọ ọkọ̀? Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù kò mọ òjò, kò mọ oòrùn. Mister Car Wash, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Tucson ní ìpínlẹ̀ Arizona, ló tóbi jù lọ nínú wọn ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà nínú ètò oṣooṣù rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù méjì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí fífọ ọkọ̀ ń mú wọlé fún un ló sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá. N kò sọ pé ìwà àìtọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó sanwó tí kò wá ló ń bá ẹni tó ń wá nígbà gbogbo gbé ẹrù, kí ẹ sì mọ èwo ni ẹ máa jẹ́ nínú méjèèjì kí ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀.

Ìgbà òtútù ni ọ̀rọ̀ yí padà fún mi. Àwa tí a dàgbà síbi tí yìnyín kì í ti í bo ilẹ̀, a kì í tètè mọ ohun tí iyọ̀ ojú títì ń ṣe sí ọkọ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì ní Chicago kí yìnyín má baà dì mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ni táyà sì ń ta sábẹ́ ọkọ̀, sínú kọ̀rọ̀ tí ojú wa kò tó. Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, irin tí omi iyọ̀ bá sì wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo kì í pẹ́ dípẹtà. Nínú oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín ń já lé ara wọn ní ìlú yìí, n kò fọ Camry mi rárá, nítorí mo ní kí ni àǹfààní fífọ ohun tí yóò tún dọ̀tí lọ́la. Ní oṣù kẹrin, mo tẹ bíréèkì ní oríta kan, ẹsẹ̀ mi sì rì lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ọlọ́run ló kó mi yọ, nítorí pé n kò sáré.

Mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, ó sì pè mí wá sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹnu sukudiráfà ha páìpù tín-ín-rín tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí táyà ẹ̀yìn, èépá pupa sì ń já bọ́ sí i lọ́wọ́ bí èépá ara igi gbígbẹ. Ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ hàn níbẹ̀, òróró sì ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ òtútù ọdún kan ṣoṣo, pé iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti ọdún mélòó kan tí n kò ti fọ abẹ́ ọkọ̀. 640 dọ́là ni mo san, mo sì pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Láti oṣù kejìlá ọdún náà ni mo ti tún wọ ètò oṣooṣù, ní ilé ìfọkọ̀ mìíràn tó wà lójú ọ̀nà mi. Mo kọ́kọ́ béèrè bóyá owó náà kan fífọ abẹ́ ọkọ̀, nítorí èyí tó kéré jù kì í sábà ní in nínú. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, mo wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Bí mo bá ń san 14 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 126 dọ́là ni ì bá jẹ́, 35 dọ́là ni mo sì san. Ọjọ́ tí òtútù bá rọlẹ̀ díẹ̀, tí yìnyín sì ń yọ́, ni kí ẹ lọ, nítorí ooru díẹ̀ yẹn àti omi ni iyọ̀ fi ń jẹ irin kíákíá. Ìlà yóò gùn títí dé ojú títì lọ́jọ́ náà. Ẹ fara dà á. Bí òtútù bá le kọjá ààlà, ẹ má fọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò dì mọ́ ilẹ̀kùn. Mo máa ń mú tówẹ̀lì gbígbẹ kan dání láti nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ gbé jíà sí fíríì (neutral), ẹ mú ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí ẹ sì pa wáípà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí omi bá kàn án, nítorí bí wáípà tèmi ṣe kán nìyẹn. Ẹ yí ọkọ̀ ká wò kí ẹ tó jáde kúrò nínú ọgbà wọn. Bí ẹ bá ti dé títì, ẹnikẹ́ni kò ní gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá dúdú, tí ẹ sì fẹ́ràn dídán rẹ̀, ẹ mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ a máa fa ilà wẹ́wẹ́ sí i lára, tí yóò hàn nínú oòrùn. Ní tèmi, mo fara mọ́ ilà wẹ́wẹ́ ju kí páìpù bíréèkì mi tún jò lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni bí mo ṣe kúrò nínú ètò àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, màmá mi kú, mo sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ méje. Kí n tó lọ, mo dúró lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìfọkọ̀ náà, mo sọ fún un pé kí wọ́n dá owó dúró, ó sì ní ó ti dáa. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti yọ 35 dọ́là lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì mi. Mo lọ bá wọn, wọ́n fi ìwé àdéhùn hàn mí: orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni èèyàn ti lè fagi lé e, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ méje ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń yọ owó. Nílé wa, ọmọ tó ń fọ mọ́tò kò lè gba owó mọ́tò tí kò fọ̀. Ọkàn tí mo gbé wá láti ilé nìyẹn, èmi náà kò sì ka ìwé tí mo fọwọ́ sí. Wọn kò dá owó náà padà.

Òṣìṣẹ́ báǹkì mi ló là mí lójú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ẹni tí wọ́n ń yọ owó nínú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún báǹkì pé kí ó dá a dúró, bí ó bá ti sọ ọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí owó náà yẹ kó jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa àdéhùn rẹ́ o; ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fagi lé e lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìwé tó jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá sì ta ọkọ̀, ẹ má rò pé ètò náà bá a lọ: nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí àmì ara gíláàsì iwájú ni kámẹ́rà wọn ń wò kó tó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n káàdì yín ni wọ́n ń yọ owó nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí owó orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń yọ owó fífọ ọkọ̀ lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́, kúrò nínú owó tí wọn yóò san owó orí lé lórí, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti máìlì tí wọ́n wà. Bí ẹ bá ń lo iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún máìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 67 sẹ́ńtì ní ọdún 2024 àti 70 sẹ́ńtì ní 2025, ìtọ́jú ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè tún yọ owó ìfọkọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ owó orí ta ètò oṣooṣù fún yín.

Ní ti ìràwọ̀ márùn-ún tí ẹ ń fẹ́ kí èrò máa fún yín lórí Uber, inú ọkọ̀ ni èrò ń jókòó sí. Ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, tí wọ́n ń fún àwọn oníbàárà lò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà wọn, ti ṣe mí láǹfààní ju òróró amáradán lọ.

Ìmọ̀ràn mi fún yín ni pé kí ẹ máa san owó ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ìgbà ooru yóò fi parí, kí ẹ wọ ètò náà nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa fagi lé e sára kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ kan náà tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá 35 dọ́là náà kan abẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá kàn án, ẹ sọ iye tí èyí tó kàn án jẹ́ fún mi, ká jọ ṣírò rẹ̀.