Pọ́ǹpù Kọ́ Ló Ń Ṣe Pírẹ́ṣọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra rólà tòkunbọ̀ kan tí mo fi ń gbaṣẹ́ ọ̀nà. Láàárọ̀ ó máa ń gun òkè dáadáa, tó bá ti dọ̀sán tára ẹ̀ gbóná, kò ní lè gùn ún mọ́. Mẹ́káníìkì mi ní pọ́ǹpù ti lọ, ó tún ń pe haidirositátíìkì, charge, case drain, mi ò mọ èwo lèwo. Ṣé haidirositátíìkì yàtọ̀ sí haidirọ́líìkì ni?
Oníròlà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé kẹ́ ẹ tó kówó pọ́ǹpù sílẹ̀. Iṣẹ́ téèyàn bá ti fi ọ́ìlì tí wọ́n há mọ́nú páìpù ṣe, haidirọ́líìkì ni. Haidirositátíìkì wà nínú ẹ̀, òun lèyí tó ń yí táyà tàbí irin rólà kí maṣíìnì lè rìn.

Ẹ wo jáàkì táwọn tó ń lẹ táyà fi ń gbé tírélà. Písítíìnì kékeré kan wà tọ́wọ́ ń tì, ńlá kan wà tó ń gbẹ́rù. Tójú ńlá yẹn bá fẹ̀ ju kékeré lọ nígbà 20, agbára kílò 10 tẹ́ ẹ bá fi ti kékeré á gbé kílò 200, àmọ́ ẹ máa ti kékeré wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 20 kẹ́rù tó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, ìdí nìyẹn tọ́mọṣẹ́ fi ń fa irin jáàkì títí apá á fi máa ro ó. Òfin Pascal ará Faransé nìyẹn, òun náà ni Bramah, ẹlẹ́rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, lò nílùú London tó fi gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ ìfúnǹkan ẹ̀ lọ́dún 1795.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gan-an rèé: ìṣàn ni pọ́ǹpù ń ṣe, kì í ṣe pírẹ́ṣọ̀. Ẹ ṣí omi ẹ̀rọ, á máa ṣàn jẹ́jẹ́ lẹ́nu họ́ọ̀sì, ẹ wá fi àtàńpàkò dí i, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń ti ọwọ́ yín. Dídí yẹn ló bí pírẹ́ṣọ̀. Òkè tí rólà ń gùn ló ń dí ọ́ìlì tiyín. Ìṣàn ló ń jẹ́ kó yára, bíi lítà mélòó ní ìṣẹ́jú kan, pírẹ́ṣọ̀ ló ń jẹ́ kó lágbára, bar tàbí psi la fi ń kà á, bar 1 sì tó psi 14.5. Rilíìfù fáàfù ló ń ya ọ́ìlì sọ́nà míì tí pírẹ́ṣọ̀ bá pọ̀ jù, kí họ́ọ̀sì má bàa bẹ́.

Nínú haidirositátíìkì, ọ́ìlì á ti inú pọ́ǹpù lọ yí mótọ̀ (kì í ṣe ọkọ̀ o, ẹ̀rọ tí ọ́ìlì ń yí ni), á tún padà tààrà sínú pọ́ǹpù láì kọ́kọ́ dé táǹkì. Àwo irin kan wà nínú pọ́ǹpù yẹn, tí ò bá tẹ̀ síbì kankan, ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù ṣùgbọ́n ọ́ìlì ò ní lọ, tẹ́ ẹ bá fi lífà tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín rólà á lọ síwájú, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún á padà sẹ́yìn. Charge ni pọ́ǹpù kékeré tó ń bu ọ́ìlì dípò èyí tó ń jò nínú, case drain sì ni páìpù tó ń dá èyí tó jò padà sí táǹkì.

Ọ́ìlì tó gbóná kì í ki mọ́, á máa ṣàn bí omi, ibi tírin bá ti jẹ ló ń gbà sá, ó jọ pé ìdí nìyẹn tí rólà yín ò fi lè gun òkè lọ́sàn-án. Mẹ́káníìkì yín lè jàre, àmọ́ mótọ̀ náà lè ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ fílítà ná, kó fi géèjì wo charge, kó wá wọn ọ́ìlì case drain pọ́ǹpù lọ́tọ̀, ti mótọ̀ lọ́tọ̀, lọ́sàn-án tára ẹ̀ gbóná. Èyí tó bá ń tú ju iye tó wà nínú ìwé maṣíìnì lọ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kankan má fọwọ́ wá ibi tó ń jò o, páálí ni kẹ́ ẹ lò, ọ́ìlì yẹn ń gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́, tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀ kódà tí ò bá tíì dun yín.