Èsì: Kí ni mo rí gbà nínú ìwé tí kò tíì jáde?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní kí ni ẹni tí kò tíì tẹ ìtàn àròsọ kankan jáde ń dúpẹ́ fún. Ó pọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ, ẹ̀dá-ìtàn mi kan a gbà á sọ, ọkàn mi a sì fúyẹ́.

Àwọn tí a jọ ń kọ̀wé ńkọ́? Mo fi orí kẹta ránṣẹ́ sí wọn nígbà kan, mo rò pé mo ti ṣe é dé góńgó. Ọ̀kan nínú wọn kàn bi mí pé: "Ìyá yìí ti kú ní ojú ìwé 12, báwo ló ṣe tún ń dáná ní ojú ìwé 40?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mà ti ka ibẹ̀! Ohun tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé ló máa ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé.

Àwọn náà ló ní kí n yéé lépa àtikọ odindi orí kan lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ 500 péré lóòjọ́, tó bá fi máa pé ọjọ́ 160, ó ti di 80,000, odindi ìwé nìyẹn. Mo ti dé 61,000 báyìí.

Bí ẹ bá ti kọ nǹkan, bó ti wù kó rí jákujàku, ẹ mú un wá. A ó bá yín kà á.