Kúẹ́rì Yẹn, Ta Ló Yẹ Kó Gbà Á?

LẸ́TÀ

Àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá lórí àwọn méje tó wà nídìí ìwé. Ímeèlì fẹ́ pa mí. Bíi 240 ló ń wọlé lójúmọ́, 9,400 ló sì wà nílẹ̀ tí n kò tíì ṣí. Mo ń kà á nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, mo ń kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi ti ń bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n má sì fèsì lórí ọ̀rọ̀ owó àfi tí mo bá fọwọ́ sí i, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó bá mi. N kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni. Lóṣù tó kọjá, kọ̀nténà oníbàárà kan pẹ́ ní wọ́ọ̀fù, owó demurrage gorí ẹ̀. Ọmọ tó wà nídìí fáìlì yẹn ní òun kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà rí i pé òótọ́ ni, àmọ́ ó yẹ kó pè mí. Ó ti gba kúẹ́rì, ìyẹn ti kọjá. Ìbéèrè mi ni pé, áàpù wo ni mo lè rà tí yóò bá mi to àwọn ímeèlì yìí? Àbí kí n kàn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ímeèlì Fẹ́ Pa Mí, Èkó

ÌDÁHÙN

Kò tíì kọjá o.

O kọ lẹ́tà gígùn lórí ímeèlì, lórí áàpù, lórí ọkọ tó ń bínú, o wá fi gbólóhùn bíntín sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó gba kúẹ́rì, o sì kọjá lọ bí ẹni tó sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Èmi ò lè bá ọ kọjá níbẹ̀.

Jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bó ṣe wù ọ́ lo ṣe tò ó. O ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fèsì lórí ọ̀rọ̀ owó àfi tí o bá fọwọ́ sí i. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó dúró dè ọ́. O ní o kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún un kọ. Ìwé méjèèjì wọlé sọ́dọ̀ rẹ, wọ́n sùn síbẹ̀. Owó ń gorí owó ní wọ́ọ̀fù, o wá yíjú sí ẹni tó ṣe gbogbo ohun tí o pa láṣẹ fún un, o ní ó yẹ kó pè ọ́. Ká ní ó pè ọ́ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo máa sọ pé, "Ṣebí mo ní kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀"?

Ìwọ mọ bí demurrage ṣe ń rìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà wá kò mọ̀. Iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú omi máa ń fún ẹlẹ́rù ní ọjọ́ mélòó kan tí kò ní san nǹkan kan lórí kọ̀nténà wọn. Tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ yẹn bá ti tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó lójoojúmọ́, bó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni iye tí wọ́n ń kà lójúmọ́ ń lọ sókè. Àwọn tó ń bójú tó ibi tí wọ́n gbé kọ̀nténà náà sí ní èbúté tún ní owó tiwọn lọ́tọ̀. Form M, ìyẹn ìwé tí ẹni tó ń kó ẹrù wọlé máa ń kọ, lè ti pé ní báǹkì, PAAR, ìyẹn ìwé tó ń sọ iye owó orí ẹrù náà, lè ti jáde lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, kí ẹrù ṣì jókòó gẹlẹtẹ síbẹ̀ torí pé ẹnì kan kò tíì sọ pé, "Ẹ san án." Lóṣù tó kọjá, ìwọ ni ẹni yẹn. Kì í ṣe ọmọ náà, kì í ṣe báǹkì, kì í ṣe aṣọ́bodè.

Kí ló kọ nínú èsì kúẹ́rì náà? O ò sọ fún mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Ó dájú pé "mo tọrọ àforíjì" á wà níbẹ̀, "kò ní wáyé mọ́" náà á wà níbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé òun kò ṣẹ̀ á tọrọ àforíjì torí pé owó ilé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìwé yẹn á sì jókòó sínú fáìlì rẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e ga, ẹnì kan á ṣí i, á ní, "Háà, èyí gba kúẹ́rì lórí demurrage." Wọn ò ní bi í pé ta ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Irú lẹ́tà rẹ yìí ń wá sọ́dọ̀ mi léraléra, kì í sì í ṣe láti wọ́ọ̀fù nìkan. Ọ̀gá ilé ìwé kọ ọ́ rí, mátíróònù kọ ọ́ rí, ẹni tó ń ṣe akọ̀wé ìjọ náà kọ ọ́ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé wọn ò tíì pẹ́ nípò. Gbogbo wọn ló ń sunkún pé iṣẹ́ bo àwọn mọ́lẹ̀. Tí mo bá wá ka lẹ́tà náà dé àárín, màá bá gbólóhùn yẹn pàdé: "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi mí sí i." Wọ́n á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á wá béèrè áàpù lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi ń ta áàpù ni?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí o bá fi ìṣẹ́jú kan péré ka ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 240 tó ń wọlé, wákàtí mẹ́rin ti lọ nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ, o kò sì tíì fèsì ẹyọ kan. Èyí tó wà nílẹ̀ lé ní wákàtí 156. Tí o bá jókòó tì í fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, nǹkan bí ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni, oṣù kan gbáko, ìyẹn tí tuntun kò bá wọlé rárá. Báwo ló ṣe tó bẹ́ẹ̀? Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méje yẹn bá kọ ogún ímeèlì lóòjọ́, 140 ẹ̀dà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oníbàárà kan tó kọ̀wé sí ọ. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí á fèsì, wọ́n á tẹ Reply All, ìyẹn náà á tún dé. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ di gọ́tà iwájú ilé rẹ, o wá ń bá àgbàrá jà.

O ní o ṣe é torí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó bá ọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì jọ pé o kò mọ̀ pé o ti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà ọ́. Wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá, o rò pé ọ̀gá ni ẹni tí ohun gbogbo gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àmọ́ wo ohun tí ẹ̀dà wọ̀nyẹn ń ṣe fún ọ ní ti gidi. Tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ lọ́la, tí àwọn ọ̀gá òkè bá béèrè pé ta ló mọ̀ sí i, orúkọ rẹ ló wà lórí gbogbo ímeèlì náà. O kò lè sọ pé o kò gbọ́. Ẹ̀dà tí o gbà tí o kò kà kì í gbani sílẹ̀, òun gan-an ni wọ́n á fi mú ọ.

Èyí tó tún burú ni ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ. Ẹni tó bá ti fi orúkọ rẹ sí i, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀: "Ọ̀gá ti mọ̀." Kò ní ronú lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sì ní lépa rẹ̀. Ìwọ náà kò lépa rẹ̀ torí o kò rí i. Èèyàn mẹ́jọ ló wà lórí fáìlì kan, fáìlì náà kò sì ní olúwa. Ọmọ tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì ni èyí tó ṣì ń gbìyànjú láàárín wọn. Òun wá lẹni tí o nà.

Láyé táípúráítà, ẹ̀dà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Akọ̀wé á to bébà àti káábọ́ọ̀nù léra, á tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á sì fẹ́ẹ̀ẹ́ má ṣeé kà. Tó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, orí gbogbo ẹ̀dà ló ti máa tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó bá ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà gbogbo ìwé ọ́fíìsì nígbà yẹn, akọ̀wé á wo ojú rẹ̀ dáadáa. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé orúkọ lásán ni wọ́n ń tẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ọ̀gá mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pe àwọn méjèèje jọ. Sọ fún wọn lójú ara wọn pé àṣẹ ẹ̀dà yẹn ti parí. Yan iye owó kan, ẹ jọ fẹnu kò lé e lórí: tí owó kò bá tó iye yẹn, kí ẹni tó ni fáìlì parí rẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó pè ọ́. Mo ní kí ó PÈ ọ́, lórí fóònù, tàbí kó rìn wá síwájú tábìlì rẹ, kó tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀. Kí ẹ gbé pátákó kan kọ́ ara ògiri, kí ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa tán, àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó wà nídìí rẹ̀. Kí gbogbo yín máa dúró síwájú rẹ̀ láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ká ní pátákó yẹn wà lóṣù tó kọjá ni, ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì yín pàápàá ì bá ti rí i pé ọjọ́ kọ̀nténà yẹn ti fẹ́ tán.

Àwọn ẹ̀dà tí kò ní yéé wọlé lọ́wọ́ àwọn ará ìta, tó bá jẹ́ Outlook lẹ ń lò, ó ní ibi tí o ti lè ṣòfin fún un pé ímeèlì tí orúkọ rẹ kàn wà ní Cc kó lọ sínú fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù nínú àwọn méje yẹn á bá ọ ṣe é kí omi tíì tó hó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó gba kúẹ́rì.

Má pa 9,400 yẹn rẹ́ o! Orí báyìí! Owó ìdógò tí ẹ san sórí kọ̀nténà, tó yẹ kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dá padà tí ẹ bá ti dá òfìfo kọ̀nténà padà fún wọn, ibo ni ẹ̀rí rẹ̀ wà bí kò ṣe nínú ìdọ̀tí yẹn? Kó gbogbo èyí tó ti lé ní oṣù kan sínú fódà kan, kí o fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tí o bá nílò nǹkan kan, wá a. Àmọ́ kí o tó kó wọn, tẹ orúkọ àwọn méje yẹn sínú ibi ìwákiri lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wo ta ló tún kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyẹn ni kí o kà, kì í ṣe èyíkéyìí mìíràn. Bí kọ̀nténà mìíràn bá wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, wàá mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ọkọ rẹ, ẹ yanjú rẹ̀ nínú ilé. Ohun kan ṣoṣo tí màá sọ níbẹ̀ ni pé, tí o bá ń ka ímeèlì lórí bẹ́ẹ̀dì, wàá máa fèsì lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méje mìíràn á sì gbọ́ tí fóònù wọn ń dún lóru. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 jókòó bá àwọn òṣìṣẹ́ fẹnu kò lórí ìgbà tí wọ́n lè gbàgbé iṣẹ́ kí wọ́n sì sinmi. O kò nílò òfin Faransé. Ìwọ ni ọ̀gá wọn. Tó bá ti di aago méje alẹ́, pa láptọ́ọ̀pù.

Áàpù, má rà á.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú ohun tí mo sọ yìí, kọ ìwé ìfagilé kúẹ́rì náà. Má fi ẹnu sọ ọ́, má sì ra ohun mímu tútù fún un kí o ní ó ti tán. Kọ ọ́ sórí ìwé pé ọmọ náà kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí o kọ ọjọ́ méjèèjì sí i, kí o sì kọ ọ́ pé ìwọ ni o kò fèsì. Buwọ́ lù ú. Mú un lọ bá àwọn tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́, kí o dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fi í sínú fáìlì rẹ̀, lórí kúẹ́rì yẹn gan-an. Kí o wá fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́fà yòókù, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó gba kúẹ́rì.