Báwo nìjọba ṣe lè pe àwọn dẹfẹ́lọ́pà àdúgbò wá kọ́lé sórí ilẹ̀ ìjọba, tí kò fi ní jẹ́ àwọn olówó ńlá nìkan ló máa kó o?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, wọ́n ti ṣe é ní Boston l'Amẹ́ríkà. Massport, iléeṣẹ́ ìjọba tó ni pápákọ̀ òfuurufú Logan, fẹ́ kí wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ ẹ̀ kan ní Seaport, àdúgbò kan ní Boston, wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé nínú 100 máàkì tí wọ́n máa fi yan dẹfẹ́lọ́pà, 25 máa jẹ́ ti bí dẹfẹ́lọ́pà náà ṣe kó àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ẹ̀yà kékeré tó kù àtàwọn obìnrin mọ́ra, kì í sì í ṣe nídìí iṣẹ́ bíríkìlà nìkan o, ó kan àwọn tó máa ya àwòrán ilé, àwọn tó máa bójú tó o, títí dórí àwọn tó máa ní ìpín nínú ẹ̀. Ibi ìpín yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí lébìrà á gbowó iṣẹ́ ẹ̀ á lọ, ẹni tó nípìn-ín lowó á ṣì máa wọlé fún. Hòtẹ́ẹ̀lì Omni ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ju yàrá 1,000 lọ, 2021 ni wọ́n ṣí i. Tíjọba tiyín bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kí àkókò ìpè gùn díẹ̀ káwọn kéékèèké lè rówó, kí wọ́n rí alábàáṣe, torí tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, àwọn tó ti lówó nílẹ̀ nìkan ló máa bá a.