Ọkọ̀ Eré Tuntun

Ìbéèrè: Olóòtú, mo fẹ́ lọ gba Porsche 911 tuntun ní iléeṣẹ́ wọn ní Zuffenhausen, ní ìlú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ṣé mo lè sá eré àsápajúdé lọ́jọ́ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Ẹ ṣe sùúrù ná, nítorí ìwé ìtọ́ni ọ̀pọ̀ 911 sọ pé kí awakọ̀ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ju ìgbà 4,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan títí ọkọ̀ yóò fi rin 3,000 kìlómítà, kí àwọn irin inú rẹ̀ lè bá ara wọn mu. Táyà tuntun kì í tètè di ilẹ̀ mú dáadáa. Bírékì náà nílò àkókò kó tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ yẹ ọ̀dà ara ọkọ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí ayọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ibi tó họ.